Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn Àjò Ìgbà Ìwọ́wé ní Faransé Pẹ̀lú Ajá Méjì

Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn àjò yìí, tí a fi motorhome wa rìn, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí ènìyàn lè máa gbé inú rẹ̀ bí ilé. Kí n tó wo máàpù, kí n tó ronú ìlú tí a máa kọ́kọ́ sùn, ọjọ́ tí a máa padà wọ Ìlú Ọba ni mo kọ́kọ́ dì mú. Òfin kan ló fà á. Ajá tó bá ń ti Faransé bọ̀ gbọ́dọ̀ gba oògùn aràn pẹlẹbẹ lọ́wọ́ dókítà ẹranko, àkókò tí wọ́n sì fún un kò fẹ̀: kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 24 ṣáájú ìgbà tó máa wọlé, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 120 lọ. Ẹni tó bá fi èyí sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn lè rí i pé ọjọ́ tó yẹ kó rí dókítà gan-an ni gbogbo ìlú tilẹ̀kùn.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì wà nínú tiwa. Ọdún 2024 la lọ. Toussaint, ìyẹn àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, máa ń wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọjọ́ Ẹtì ló sì bọ́ sí lọ́dún náà. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá, ni mo fẹ́ kí a wọ LeShuttle ní Calais, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ọkọ̀ gba abẹ́ òkun kọjá sí Britain. Mo wá ń kà á sẹ́yìn. Ọjọ́rú ti sún mọ́ òpin wákàtí 120 jù. Ọjọ́ Ẹtì ìsinmi ni. Ti Sátidé, bí wọ́n bá ṣí, gbogbo ẹni tí kò rí dókítà lọ́jọ́ Ẹtì ló máa ya síbẹ̀. Ó ku Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù kẹwàá. Láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé kò tíì pé wákàtí 100, nítorí náà bí ọkọ̀ ojú irin bá tiẹ̀ pẹ́ títí di alẹ́, a kò ní jáde kúrò nínú òfin. Ilé ni mo wà tí mo ti fóònù sí ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Abbeville, mo sì gba aago mọ́kànlá Ọjọ́bọ̀ yẹn sílẹ̀. Abbeville wù mí nítorí pé ọ̀nà A16 tó wá láti Calais àti ọ̀nà A28 tó lọ sí Tours pàdé níbẹ̀. Bí a bá ń lọ, a máa kọjá níbẹ̀. Bí a bá ń bọ̀, a máa tún kọjá níbẹ̀.

Ìwé ìlera ẹranko ló tún kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni pásípọ́ọ̀tù ajá tí wọ́n ṣe ní Britain kò ti wúlò mọ́ ní Yúróòpù. Dókítà ẹranko tí ìjọba fún láṣẹ ló ń kọ ìwé tó rọ́pò rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ láàárín ọjọ́ 10 ṣáájú kí ajá tó wọ Faransé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹwàá, la fẹ́ gbéra, nítorí náà 3 oṣù kẹwàá ni mo kó àwọn ajá wa, Bingo àti Tanímọ̀la, lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo gba àwọn méjèèjì, torí ó lè gba ajá tó tó márùn-ún. Ẹ fóònù káàkiri kí ẹ tó yan dókítà, torí iye tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ síra gan-an. Ẹ sì yẹ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wò tipẹ́tipẹ́. Ajá tó bá ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 21 kó tó rìnrìn àjò, èyí tí ọjọ́ tiẹ̀ bá sì ti kọjá, bí ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà á.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun tí èmi ṣe nínú yàrá dókítà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré sí ọrùn Tanímọ̀la, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 15 tó wà nínú ṣíìpù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín tó wà lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, jáde lójú ẹ̀rọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.” Ó ń kà á, èmi ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé. A ṣe ti Bingo bákan náà. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn aṣọ́bodè máa fi mọ̀ pé ajá tó wà nínú ìwé ni ajá tó wà nínú ọkọ̀.

Ti ènìyàn kò le. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Britain lè lo ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Àbúrò mi tó bá wa lọ ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ó ní láti gba físà Schengen, wọn kì í sì gba ìwé ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ bá ju oṣù mẹ́fà lọ níwájú. Láti oṣù kẹfà ló ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Oúnjẹ ló ń yà ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ẹran àti wàrà kò gbọ́dọ̀ ti Britain wọ Yúróòpù nínú ọkọ̀ arìnrìn-àjò, òfin yìí sì kan oúnjẹ ajá tó ní ẹran nínú. Àpò oúnjẹ ajá kò ṣe é gbé lọ. Inú ajá tí wọ́n bá sì ṣàdédé pààrọ̀ oúnjẹ fún kì í dára, inú motorhome kọ́ sì ni ẹnikẹ́ni fẹ́ ti rí irú ìyẹn. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti fi díẹ̀díẹ̀ pààrọ̀ oúnjẹ wọn sí Royal Canin, torí ilé iṣẹ́ Faransé ni, kò sì ṣòro láti rí rà lọ́hùn-ún. Ọbẹ̀ ẹlẹ́ran tó wà nínú firísà, ilé ló gbé. Gàrí àti èlùbọ́ bá wa lọ.

Ìgbà ìwọ́wé ni mo yàn nítorí àwọn ajá. Oòrùn kì í mú mọ́, ènìyàn lè ra búrẹ́dì láìbẹ̀rù pé ọkọ̀ ti di ààrò lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ etíkun tí wọn kì í ti í gba ajá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbà wọ́n padà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọgbà ìpàgọ́ ti ń tilẹ̀kùn láti ìparí oṣù kẹsàn-án, nítorí náà orí àwọn aire ni mo gbé ètò wa lé, ìyẹn àyè tí àwọn ìlú kéékèèké yà sọ́tọ̀ fún irú ọkọ̀ wa, tí a ti lè pọn omi kí a sì da ìdọ̀tí nù. A tún forúkọ sílẹ̀ nínú France Passion, tó ń jẹ́ kí ènìyàn sun oorun ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oko àgbẹ̀ tàbí ọgbà àjàrà. Níbẹ̀, ẹni tó bá dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá onílé lọ, kó kí i dáadáa, kó sì so ajá rẹ̀, torí adìẹ àti ajá oko wà káàkiri. Èyí bá ìwà ilé wa mu, ó sì dùn mọ́ mi.

Ibi tí mo ti lo àkókò jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ. Láti oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù kejì ni àkókò ìṣọdẹ ní Faransé, ìmàdò àti àgbọ̀nrín ni wọ́n sì ń lé nínú igbó tí àwa náà fẹ́ rìn. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Níbẹ̀, fèrè ọdẹ kì í ṣe òwe: wọ́n ń fọn ọ́ láti fi mọ ìgbà tí ìdọdẹ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Bí mo bá rí àkọlé “Chasse en cours”, ìyẹn “ìdọdẹ ń lọ lọ́wọ́”, lẹ́bàá ọ̀nà, a máa yí padà. Mo ra aṣọ ọsàn tó ń tàn fún àwọn ajá àti fún ara wa, mo sì so agogo kékeré mọ́ ọrùn Bingo, torí dúdú ni, kò hàn lábẹ́ igi. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, a máa ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń dẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, torí ọjọ́ náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Chambord, ibi tí igbó ńlá kan wà nítòsí odò Loire, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wá sí ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, nígbà tí akọ àgbọ̀nrín ṣì ń ké fún abo. Okùn kò kúrò lọ́wọ́ wa níbẹ̀.

Eégbọn náà ń pọ̀ nígbà ìwọ́wé, ó sì ń kó àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní piroplasmose ran ajá. Oògùn rẹ̀ la ti lò láti ilé, síbẹ̀ alaalẹ́ ni mo ń fi ìka wá etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ní Rottweiler, kó mọ̀ pé òfin ọdún 1999 sọ pé ó gbọ́dọ̀ wọ ìdínu níta gbangba. Àwọn ajá irú pitbull kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè náà.

Ti ojú ọ̀nà kúrú. Ọkọ̀ tó ga ju mítà 2 lọ tí kò tó 3, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju tọ́ọ̀nù 3.5, ipò kejì ló ń san ní ibodè owó. A gbé tiwa lọ wọ̀n pẹ̀lú omi, ajá àti ẹrù kí a tó gbéra. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, táyà òtútù tàbí ṣéènì pọndandan ní ọ̀pọ̀ agbègbè olókè, ìdí nìyẹn tí a fi parí ètò wa sí Dordogne, tí àsálà ń jábọ́ nínú oṣù kẹwàá, a kò sì ya Alps.

Ní Abbeville, dókítà fún àwọn ajá ní oògùn níṣojú mi. Kí n tó kúrò níwájú rẹ̀, mo yẹ ìwé wò: orúkọ oògùn tó ní praziquantel (èròjà tó ń pa aràn náà), ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́, aago, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Aago ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun sì ni wọ́n máa fi ka wákàtí ní Calais. A lọ dúró ní Saint-Valery-sur-Somme títí di ọjọ́ Ajé, a ń rìn lẹ́bàá àwọn àgùntàn tó ń jẹ koríko oníyọ̀. Ní Calais, a kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì àwọn ẹranko kí a tó lọ fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́ láti fi ka ṣíìpù, wọ́n wo aago, ó parí. Ọkọ̀ ojú irin gbà wá kọjá ní ìṣẹ́jú 35, àwọn ajá kò sì jáde nínú ọkọ̀. Ìwé yẹn kò wúlò fún àlọ mìíràn, nítorí náà mo ti ń fi owó tuntun pamọ́ fún ti ìgbà ìwọ́wé tó ń bọ̀.