Bí ẹ ṣe lè fi Haskell ti mẹ́sééjì pa pẹ̀lú libsodium

Ẹ̀yin ará, ẹ má jókòó máa kọ encryption (ọgbọ́n tá a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa) tiyín o, libsodium, àkójọ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ti wà nílẹ̀. C ni wọ́n fi kọ ọ́, package Haskell tó ń jẹ́ saltine ló sì máa jẹ́ kí Haskell rí i pè, torí náà libsodium fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín kẹ́ ẹ tó pe cabal (irinṣẹ́ tó ń build iṣẹ́ Haskell), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa figbe ta. Lórí Ubuntu:

sudo apt install libsodium-dev pkg-config

Ẹ wá fi saltine àti text sí build-depends nínú fáìlì .cabal yín, kẹ́ ẹ kọ eléyìí:

```haskell
import Crypto.Saltine (sodiumInit)
import Crypto.Saltine.Core.SecretBox
import qualified Data.Text as T
import qualified Data.Text.IO as TIO
import Data.Text.Encoding (encodeUtf8, decodeUtf8)

main :: IO ()
main = do
  sodiumInit
  k <- newKey
  n <- newNonce
  let c = secretbox k n (encodeUtf8 (T.pack "Owó ti wọlé"))
  case secretboxOpen k n c of
    Nothing -> putStrLn "Kò ṣí o"
    Just m  -> TIO.putStrLn (decodeUtf8 m)
```

sodiumInit ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ wá wò ó dáadáa, newKey tó ń mú kọ́kọ́rọ́ wá àti newNonce tó ń mú nonce wá (nọ́ńbà ìlò ẹ̀ẹ̀kan tó ń bá kọ́kọ́rọ́ rìn) wà nínú IO torí pé random ni wọ́n ń fà, àmọ́ secretbox tó ń ti ọ̀rọ̀ pa ò sí níbẹ̀, ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ kan náà, nonce kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, èsì kan náà ló máa mú wá títí ayé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà! Tẹ́ ẹ bá lo nonce kan fún mẹ́sééjì méjì lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan, ẹni tó bá rí méjèèjì lè fi wọ́n ṣe XOR (ìṣirò tó ń fi bit wé bit), bó bá sì ti mọ ohun tó wà nínú ọ̀kan, ó ti ka ìkejì nìyẹn. GHC, ìyẹn compiler Haskell, ò ní sọ nǹkan kan fún yín, gbogbo táìpù ló máa bára mu, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe gbà fáwọn tó ń sọ pé tí Haskell bá ti compile, ó parí. Mẹ́sééjì tuntun, newNonce tuntun.

Nonce kì í ṣe àṣírí ṣá, báìtì 24 ni, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú c, ọ̀rọ̀ tá a ti tì pa: encode n <> c, inú Crypto.Saltine.Class ni encode wà. Kọ́kọ́rọ́ báìtì 32 yẹn lẹ máa fi pamọ́.

Tẹ́nì kan bá ti yí báìtì kan ṣoṣo padà lójú ọ̀nà, Nothing lẹ máa rí, ẹ má fi fromJust (tó máa ń já ètò sílẹ̀ tó bá bá Nothing pàdé) bò ó mọ́lẹ̀ o.

Àwa tá à ń kọ Yorùbá, ẹ má lo pack inú Data.ByteString.Char8 dípò encodeUtf8, ṣe ló máa ba ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ kí secretbox tó rí wọn rárá, kò sì ní sí error kankan.