Aago láptọ́ọ̀pù tó ń padà sẹ́yìn: ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe

Ifẹ̀ la wà o, Ifẹ̀ oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, àmọ́ láptọ́ọ̀pù tí ọmọ kan gbé wá bá mi ní Lágere lọ́jọ́sí ò mọ ojúmọ́ kankan. Inú BIOS ẹ̀ (ètò tó kọ́kọ́ ń jí nínú ẹ̀rọ), ọdún 2010 ló kọ síbẹ̀. Nígbà tí Ubuntu, irú Linux tó wà lórí ẹ̀, wọlé tán ó fò dé 2022 fúnra ẹ̀, torí systemd, ètò tó ń jí àwọn ètò yòókù nínú Linux, kì í gbà kí aago wà sẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣe òun alára. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, Wi-Fi yìí ò dáa, gbogbo website ló ń lé mi." Wi-Fi ò ṣe é ní nǹkan kan jàre. Browser máa ń wo déètì tó wà lára sáàtífíkéètì website (ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé òun gan-an ni), tí aago yín bá wà ní 2022, sáàtífíkéètì tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá, lójú tiẹ̀, wọn ò tíì bí i, kò ní gbà á láéláé. apt náà (ohun tí Ubuntu fi ń gba ètò sórí ẹ̀rọ) á máa pariwo pé "Release file is not valid yet". Ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó lọ ra dátà míì.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kéèyàn máa fọwọ́ tún un ṣe láràárọ̀. Apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọn omi yẹn. Bátìrì róbótó kan wà nínú ẹ̀, CR2032, volt 3, òun ló ń bá aago ṣọ́nà tẹ́ ẹ bá ti pa láptọ́ọ̀pù. Tó bá ti kú, tí bátìrì ńlá náà ti rẹ̀ bíi tàwọn tòkunbọ̀ wa yìí, tí NEPA wá mú iná lọ, gbogbo ẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn míì wà tí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ inú, ẹ má fagídí fà á yọ.

Àmọ́ bátìrì kú o, kò kú o, ó yẹ kí Linux tún aago ṣe fúnra ẹ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ibí sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má lọ gbé ntpdate (àṣẹ tó ń béèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) sínú ohun tó ń sáré nígbà tí ẹ̀rọ ń jí. Ó lè ṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà tó ń lo wáyà, torí wáyà ò pẹ́ jí. Wi-Fi ní láti gbé firmware ẹ̀ (ètò inú ẹ̀ gan-an), kó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, kó fi páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, kó tún dúró gba IP (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀), ntpdate á ti kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ó ti lọ nìyẹn, kò sì ní padà wá.

Ọgbọ́n témi náà dá nígbà kan ni pé mo kọ sleep 60 (kó dúró fún ìṣẹ́jú kan) ṣáájú ntpdate sínú rc.local, fáìlì tó ń sáré nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, mo rò pé mo ti gbọ́n. Nílé mi ó ṣiṣẹ́. Mo gbé e dé Ọ̀pá, Wi-Fi ibẹ̀ ń rìn bí ìgbín, ìṣẹ́jú kan ò tó o. Ẹ má sì torí aago lọ tan NetworkManager-wait-online o, tó ń dá ẹ̀rọ dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́jọ́ tí kò bá sí Wi-Fi nítòsí, ńṣe lẹ máa jókòó ti ẹ̀rọ tí ò fẹ́ jí.

Ẹ tẹ timedatectl set-ntp true sínú terminal, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. timesyncd, ètò tó ń tún aago ṣe látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìyẹn ń tàn, kì í bínú lọ, tí kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dúró, á tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ timedatectl lásán, kẹ́ ẹ wò ó bóyá "System clock synchronized: yes" ti jáde. Tẹ́ ẹ bá ní script tiyín tó gbọ́dọ̀ sáré, inú /etc/NetworkManager/dispatcher.d ni kẹ́ ẹ gbé e sí, á wá sáré nígbà tí Wi-Fi bá ti wọlé lóòótọ́, àmọ́ root (ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ) ló gbọ́dọ̀ ni ín, ẹ sì rántí chmod +x tó ń fún un láṣẹ láti sáré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ NetworkManager tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní dá a lóhùn.

Ẹ má kó ntpd, chrony àti timesyncd jọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, dírẹ́bà mẹ́ta lórí síárìn kan. ntpd tiẹ̀ ní ìwà kan: tí aago bá fi ju sẹ́kọ́ọ̀ǹdì 1000 ṣìnà, á kọṣẹ́ sílẹ̀ ni, àfi tẹ́ ẹ bá fún un ní -g. Tó bá jẹ́ chrony lẹ fẹ́, ẹ rí i pé makestep 1 3, tó ń jẹ́ kó fò tààrà dé aago tó tọ́, wà nínú chrony.conf.

Èyí tó fún mi lórí fífọ́ jù rèé: aago ò bọ̀ sípò àfi téèyàn bá ti login. Àṣé Wi-Fi yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pamọ́ fún, kò sì ní tan kónítọ̀hún tó wọlé. Ẹ lọ sínú settings Wi-Fi yẹn, ẹ mú "Make available to other users".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ní Windows lórí ẹ̀, tí Linux bá fi wákàtí kan ṣáájú, ẹ má lọ mú timezone London láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Windows ló kọ aago Nàìjíríà sínú ẹ̀rọ, Linux wá rò pé UTC (aago àgbáyé) ni, ó tún fi kan lé e. Africa/Lagos ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, Windows ni kẹ́ ẹ lọ bá wí, RealTimeIsUniversal nínú registry ẹ̀ (ibi tí Windows ń kó ètò ẹ̀ sí) ló ń sọ fún un pé UTC ni kó ka aago ẹ̀rọ sí.

Ọmọ Lágere yẹn, a pààrọ̀ bátìrì, a tan set-ntp, a pa á, a tún tàn án. Ó wo láptọ́ọ̀pù, ó wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣé aago ọwọ́ mi ló ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sáré látọjọ́ yìí."