Òkè lẹ ń wò: àwọn àṣìṣe tí a ń ṣe nígbà tí iná bá tàn lójú ọkọ̀ tòkunbọ̀

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo lọ gbé wá láti Èkó kò yọ mí lẹ́nu rárá títí a fi kọjá Lọ́kọ́ja. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, tí mo tan iná iwájú, tí AC sì ń fẹ́, ni iná ABS, ti bíréèkì, kọ́kọ́ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. A dé Gwagwalada, iná bátìrì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ó fi dé Zuba, check engine, iná ẹ́ńjìnnì, náà ti yọjú, gbogbo ibẹ̀ wá dà bí ọjà alẹ́. Àbúrò mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bọ̀dá mi, ṣé kí a má dúró ni?" Mo ní kó máa gbàdúrà.

Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Pupa ni iná bátìrì, iná pupa kì í sì í ṣe ohun tí à ń wakọ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ti ọ́ìlì tàbí ti ooru ẹ́ńjìnnì ni, ẹ wá ibi tí kò léwu, kí ẹ dúró, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ti bátìrì, ó lè gbé yín lọ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó kù nínú bátìrì nìkan lẹ fi ń rìn, ibi tó bá sì ti tán ni ẹ ó sùn. Iná aláwọ̀ yẹ́lò ní tirẹ̀ ń ní kí ẹ rọra, kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́. Àfi check engine tó bá ń ṣẹ́jú: ìyẹn ti kúrò ní "láìpẹ́", epo tí kò jóná ti ń wọ inú catalyst, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, nìyẹn, ó sì lè sè é jinná.

Ní ọjọ́ kejì, ríwáyà àkọ́kọ́ tó wò ó ní Kubwa ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ló ti kú. Èkejì ní irọ́ ni, sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ táyà, èyí tó ń wọn eré táyà fún ABS, ni. Mo ra sẹ́ńsọ̀. Iná kò kú. Mi ò bínú sí wọn, èmi ni mo ń sáré. Láti ìgbà náà, mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ àti ará ilé gbé ọkọ̀ tuntun wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì ní Apo àti Kugbo ní Àbújá, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wa ń tún ṣe.

Èyí tó gba iwájú ni pé a máa ń ra nǹkan kí a tó bi bátìrì léèrè ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè ti lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí omi, kó tún dúró fún oṣù mélòó kan ní Àpápá tàbí ní ọgbà ẹni tó ń tà á, láìsí ẹni tó tan án. Ọjọ́ tí oníbàárà bá dé ni wọ́n á fi bátìrì mìíràn jí i dìde. Bátìrì tó bá ti gbẹ bẹ́ẹ̀ pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ padà sípò mọ́. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọkọ̀ kan kì í sì í ṣe ẹyọ kan: ti ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ti bíréèkì wà lọ́tọ̀, ti sítíárìn àti ti airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èèyàn là nínú ìjàǹbá, náà bẹ́ẹ̀. Bí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn bá lọ sílẹ̀, kálukú á fi igbe ta. Tí ẹ bá rí iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bára tan tí wọ́n tàn pa pọ̀, ẹ má rò pé nǹkan mẹ́rin ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Odò tí wọ́n jọ ń mu ni kí ẹ lọ wò.

Mítà kékeré tí àwọn oníná ń lò nínú ilé ti tó. Ẹ wọn bátìrì láàárọ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀: 12.6 fóltì ni ti èyí tó kún, 12.4 ṣì dára díẹ̀, tó bá ti di 12 géérégé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ ní kí ẹnì kan tan ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó. Kò yẹ kó já wálẹ̀ ju bíi 10 lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.7 ni à ń retí. Tó bá dúró sí 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, kò fún un lóúnjẹ. Tó bá kọjá 15, ó ń fún un ní àjẹkì, bátìrì á sè, gílóòbù á sì máa jó. Gbogbo èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ brain box láìwọn bátìrì.

Bẹ́ẹ̀ brain box kì í ṣe ohun tí à ń ki bọ ibẹ̀ bíi gílóòbù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ètò tó ń da kọ́kọ́rọ́ mọ̀, tó so mọ́ brain box tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ gbé ti ọkọ̀ mìíràn sí i, ó lè kọ̀ láti tan rárá, iná kan á wá di ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àṣà kan tó ń dùn mí. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ríwáyà á tú orí bátìrì kúrò. Tí ọkọ̀ bá ṣì ń dún, á ní, "Ẹ rí i, alternator yín dáa." Láyé Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti 1975, kò sí kọ̀ǹpútà tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa pa lára. Ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ló ń gba agbára alternator mọ́ra; tí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, fóltì lè fò sókè ní ìlọ́po ìlọ́po ohun tó yẹ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ó ti dé inú gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà náà lè má kú lójú yín. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni rédíò á dákẹ́, tí ABS á tún tàn, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín. Tí ríwáyà bá na ọwọ́ sí orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a dúró. Mítà á sọ ohun kan náà fún un láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bákan náà ni gílóòbù oníwáyà méjì tí wọ́n fi ń wá iná kiri: ó dára lára wáyà fìtílà, kò dára lára wáyà kọ̀ǹpútà, nítorí iná tó ń fà ju ohun tí wáyà yẹn lè gbé lọ.

Ìparẹ́ kóòdù, àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń ṣàkọsílẹ̀ àṣìṣe tó bá rí, ló kàn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò onígun kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, ojú ihò kékeré 16 ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ń wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ki scanner bọ̀ ọ́, wọ́n á pa kóòdù rẹ́, iná á kú, owó á yí ọwọ́. Iná á padà dé lọ́jọ́ kẹta. Kóòdù tí a kò kọ sílẹ̀ dà bí aláìsàn tí a ní kó dákẹ́ kí dókítà tó dé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ má wo kóòdù nìkan. Ẹ wo abala tí scanner fi ń sọ bóyá ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Tí ó bá kọ "not ready" síwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé olè ni ẹni tó ń tà á, bátìrì tó gbẹ lórí omi lè fà á. Ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní lọ́jọ́ yẹn kò tíì sọ ohunkóhun fún yín. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà á jìnnà díẹ̀, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Iná tó tàn ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Iná tó kọ̀ tí kò tàn ló ń ba èmi lẹ́rù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtan ẹ́ńjìnnì: check engine, ABS, airbag, ọ́ìlì, bátìrì, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè. Èyí tí kò bá jẹ́ ìpè, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó, wọ́n sì lè ti yọ ọ́ tàbí kí wọ́n ti lẹ nǹkan bò ó. Àwọn kan gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á so iná airbag mọ́ ti ọ́ìlì kí méjèèjì lè máa tàn kí wọ́n sì máa kú pọ̀. Airbag tó pé máa ń tàn fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́fà, á kú fúnra rẹ̀, kódà tí ẹ ò bá tíì tan ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ti ọ́ìlì ṣì ń tàn. Tí méjèèjì bá ń rìn bí ìbejì, ẹ fura. Tí ẹni tó ń tà á bá ní, "Babu matsala, Alhaji," pé kò sí wàhálà, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ sì máa wò ó lọ.

Nípa airbag yìí kan náà: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki mítà tàbí gílóòbù bọ wáyà rẹ̀. Iná kékeré lè mú un bú gbàmù sí i lójú. Àwọ̀ yẹ́lò ni àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ní, kí ojú lè tètè dá wọn mọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ bátìrì, á ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó fọwọ́ kàn án. Ní ti ọkọ̀ hybrid, tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà nínú rẹ̀ ń gbé iná tó lè ju 200 fóltì lọ. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi.

A tún máa ń gbà pé kóòdù ni orúkọ ohun tó bàjẹ́. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì, kò sọ pé kí ẹ lọ ra oxygen sensor, sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé lè ti ya. Pọ́ǹpù epo lè ti rẹ̀. Ní Àbújá níbí, tí ọyẹ́ bá dé, eruku tó bá gba inú fíltà burúkú kọjá lè lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. P0420 ń sọ pé catalyst kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti gé e tà kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ yín. Ẹ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Lexus, tí check engine bá tàn, VSC, iná ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lójú ọ̀nà, náà á tàn, nítorí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló pa á tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò pé. Ẹni tó bá ń lé VSC kiri ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Fíúùsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Pupa ni ti 10 amp, búlúù ni ti 15, yẹ́lò ni ti 20. Tí pupa bá ń jó, ẹ má fi yẹ́lò rọ́pò rẹ̀, ká má tíì sọ ti wáyà tí wọ́n ń wé mọ́ ọn. Wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wá jó dípò rẹ̀, àárín ilé ọkọ̀ ló sì gbà kọjá.

Tí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U bá pọ̀, ìyẹn ni pé àwọn kọ̀ǹpútà kò gbúròó ara wọn mọ́, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló mu omi ní Houston. Ipata lábẹ́ ìjókòó, òórùn bíi ti aṣọ tí kò gbẹ, àwọ̀ ewé tó hù lẹ́nu wáyà: ẹni tó bá bá irú èyí, kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Kò sí ríwáyà tó lè tún un ṣe tán.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí tèmi. Bàbá kan, ọmọ Ọ̀fà, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní Àbújá, ló tú u. Wọn ò tilẹ̀ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n tan iná àti AC, wọ́n fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì níbi àmì ìyọkúrò, wọ́n fi ìkejì kan irin ara ọkọ̀. Kò yẹ kó ju 0.2 fóltì lọ. 1.3 ló kà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Òkè lẹ ń wò." Wọ́n tú bóòtù tó de wáyà earth mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀dà tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kun iwájú ọkọ̀ náà kò ha ọ̀dà kúrò kó tó de wáyà padà, iná kò wá rí ọ̀nà gbà tí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán, wọ́n dè é padà. Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú.

Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi pé kí ló dé tí ọ̀dà tuntun fi wà níwájú ọkọ̀ tí wọ́n ní kò forí sọ nǹkankan rí. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kùn ún láti Amẹ́ríkà. Sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ táyà tí mo rà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Kubwa.