Ẹ tètè kó síìdì yín sórí kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí síìdì jùjú àti fújì ṣì kún ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi MP3, irú fáìlì tó máa ń gé lára orin kó lè kéré, kó wọn pamọ́. FLAC, irú fáìlì orin míì, ni kí ẹ lò. Kò gé ohunkóhun nínú orin, síbẹ̀ síìdì wákàtí kan, tó jẹ́ nǹkan bí 635 MB, á dín kù sí bí 300 sí 400. Orin tó ń wọnú ara wọn láìdánu dúró, bí àwọn ọ̀gá jùjú ṣe máa ń ṣe é, kò ní já láàárín.

Exact Audio Copy, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó orin látorí síìdì, ló dára jù lórí Windows, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ yan secure mode, á máa tún ibi tó bá ti ha kà. AccurateRip, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ètò náà máa ń yẹ̀ wò, á fi ohun tí ẹ kó wé ohun táwọn ẹlòmíì kó látorí irú àwo kan náà; bí àwo tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó kò bá sí níbẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà CRC méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tí ètò náà ṣírò látinú ohun tó kà, bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu síìdì náà láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Bí laptop yín kò bá ní ibi tí wọ́n ń ki síìdì sí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi USB so mọ́ ọn wà ní Computer Village, n'Íkẹjà. Ẹ sì fi ẹ̀dà kejì pamọ́ sí ilé míì.