Bí Mo Ṣe Yan Sàlẹ́ńsà fún Bọ́gì Mi

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkìtì yanrìn ni. Ẹ́ńjìnnì ti kú tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n nǹkan ṣì ń hó nínú etí mi bí ìkòkò orí iná. Àbúrò mi bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ máa mu omi?" Mo dá a lóhùn pé ó wà nínú àpótí irinṣẹ́. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé bọ́gì yìí gbọ́dọ̀ ní sàlẹ́ńsà, agolo tó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀.

Dune buggy lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọkọ̀ kékeré tí kò nílẹ̀kùn, tí ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà, tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbòòrò kó má baà rì sínú yanrìn. Ìdílé kan náà lòun àti Meyers Manx tí Bruce Meyers gbé jáde ní California lọ́dún 1964, tó kó ẹ̀yà Volkswagen Beetle sábẹ́ ara fáíbà. Ẹ́ńjìnnì Beetle náà ló wà nínú tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní 1600, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1584 cc ni àyè inú sílíńdà rẹ̀ tí a bá kà á dáadáa. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Atẹ́gùn ló ń tù ú, kò mọ omi rárá. Ẹ̀yìn ló wà, gbangba, kò sí ohun tó bò ó. Páìpù mẹ́rin ń ti orí sílíńdà jáde, wọ́n para pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀kan yẹn sì nà sókè bí ìrù àkeekèé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní stinger. Ó dùn ún wò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń gba ariwo dúró.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe nìyí: etí ni mo fi yan sàlẹ́ńsà. Mo jókòó ti fóònù, mo ń wo fídíò lóríṣiríṣi, mo ń gbọ́ bí ti ẹlòmíràn ṣe ń dún, títí mo fi rí ọ̀kan tó ń bú bí ẹkùn. Glasspack ni, gbọọrọ, páìpù tó lu jálẹ̀ nínú agolo, òwú fáíbà ló yí i ká. Mo rà á, mo gbé e fún wẹ́dà kan, ó jó o mọ́ páìpù mi. Nígbà tó rí i pé ó gùn, tó sì wúwo, ó fi irin pẹlẹbẹ kan gbé ìdí rẹ̀ mọ́ ṣáàsí, egungun ọkọ̀. Ó le bí òkúta. Mo mì ín, kò mì. Inú mi dùn.

Ìgbà kẹta tí mo gbé e jáde ni ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ń ta pàà-pàà nígbàkigbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, ilà kan wà tó tín-ín-rín bí irun, ó yí páìpù náà ká dé ìdajì, èéfín dúdú sì ti ta yí i ká bí ìgbà tí ahọ́n lá á. Páìpù náà ti ya. Mo kọ́kọ́ bínú sí wẹ́dà. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ojú iṣẹ́ rẹ̀ kò tú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni irin ti ya. Nǹkan ló ń fà á.

Kí n tó tún ná kọ́bọ̀ kan sí i, mo ní kí n wo ohun tó ń fà á yẹn ná. Mo so wáyà líle kan mọ́ ṣáàsí, mo fi ẹfun kun páìpù, mo tẹ wáyà náà títí ẹnu rẹ̀ fi kan ẹfun. Mo ní kí àbúrò mi ṣáná, kó tẹ iná lójijì, kó fi sílẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pa á, ilà tí wáyà fà sára ẹfun náà gùn tó ìbú ìka ìlábẹ̀ mi. Bọ́gì náà dúró sójú kan o! Ká má tíì sọ ìgbà tó bá fò láti orí òkìtì kan bọ́ sí ìkejì.

Ẹni tó bá mọ Beetle kò ní ṣe háà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ìjókòó tirẹ̀: ara gíábọ́ọ̀sì ló dì mọ́, gíábọ́ọ̀sì ló wá jókòó lórí rọ́bà, ìdí ẹ́ńjìnnì sì yọ sẹ́yìn gbalaja. Tí iná bá dé, ìdí yẹn á mì. Sàlẹ́ńsà tó wá fi ọwọ́ kan di ẹ́ńjìnnì mú, tó fi ọwọ́ kejì di ṣáàsí mú, aárín àwọn méjì tó ń jà ló wà. Òun náà ló máa gba ìgbátí.

Bí gbogbo ìṣirò mi ṣe dojú rú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnnì nìkan ni sàlẹ́ńsà yóò so mọ́, kò gbọdọ̀ wúwo, kò sì gbọdọ̀ gùn. Àyè tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló máa pàṣẹ, kì í ṣe etí mi. Èyí tó wà lọ́jà kò sì bá àyè yẹn mu, àfi kí n ní kí wọ́n ṣe é.

Mo gé páálí, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di agolo, mo ń gbé e síbí, mo ń gbé e sọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọmọdé ló jọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n jù. Páálí àkọ́kọ́ kan rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù ẹ̀yìn. Ooru máa jẹ rọ́bà yẹn láàárín ọjọ́ kan. Èkejì jìnnà sí rọ́bà, ó wá sún mọ́ fáíbà ara ọkọ̀ jù. Ẹ̀kẹta dára lójú, àfi ìgbà tí mo rántí pé mo gbọ́dọ̀ máa ṣí ìdérí táápẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹ̀yà tó ń ti fáàfù ṣí, láti tún un ṣe, nítorí irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe èyí tó ń tún táápẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ṣe. Tí sàlẹ́ńsà bá dí ibẹ̀, gbogbo ìgbà ni màá máa tú u. Ìkẹrin rẹlẹ̀ débi pé, tí imú ọkọ̀ bá gbé sókè orí òkìtì, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wa yanrìn. Ìkarùn-ún ló bọ́ sí i: ó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dùbúlẹ̀ níbùú lókè bọ́ńpà ẹ̀yìn, 40 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 18 ní fífẹ̀, 10 ní gíga.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá ro ohun tó máa wà nínú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin máa ń jóná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Tó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìbúgbàù 100 ló ń ti ẹnu páìpù jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìró tó wúwo, tó ń mì èèyàn láyà nìyẹn. Lórí rẹ̀ ni àwọn ìró tó ta létí, tó ń gún bí abẹ́rẹ́, tún wà. Òwú fáíbà mọ bó ṣe ń gbé àwọn tó ń gún yẹn mì, nítorí wọ́n á gba ojú ihò wẹẹrẹ páìpù wọnú òwú, wọn ò ní jáde bí wọ́n ṣe wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo kò ka òwú sí. Yàrá ló ń mú ìyẹn, àyè òfìfo tí ìró yóò kọ lù, tí yóò sì padà wá pàdé ara rẹ̀ lọ́nà, tí àwọn méjèèjì á fi pa ara wọn kù. Èyí tó jẹ́ yàrá nìkan, tí atẹ́gùn ń ṣẹ́rí padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, a máa dákẹ́ dáadáa, àmọ́ ó ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún mi: páìpù tó lu jálẹ̀, òwú ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, yàrá kékeré tí kò lówùú ní ìparí. Ìdérí ẹ̀gbẹ́ kan kò gbọdọ̀ jẹ́ jíjó, bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, torí òwú máa ń jóná díẹ̀díẹ̀, ariwo á sì máa padà wá. Mo fẹ́ lè ṣí i, kí n tún un dì. (Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan òwú yẹn, kó wọ ìbọ̀wọ́ kó sì bo imú. Mi ò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo họ ara títí ilẹ̀ fi mọ́.)

Àwọn kan sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì nílò kí nǹkan dí i díẹ̀ lẹ́yìn kó tó lágbára. Èmi ò gbà. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí dídí ń ṣe lóore. Ohun tó ń dà wọ́n lójú rú ni pé páìpù tó bá tóbi jù ń jẹ́ kí èéfín máa rìn gbẹ̀rẹ̀, èéfín tó sì ń sáré ló ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde nínú sílíńdà. Fún 1600 tí wọn ò tíì fi nǹkan kún, páìpù ínṣì kan àtààbọ̀ lára sílíńdà kọ̀ọ̀kan ti tó. Mo fi ínṣì méjì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti para pọ̀ wọnú sàlẹ́ńsà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni tàn mí lọ sí méjì àtààbọ̀.

Ní ti irin, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni mo mú dání. Ohun tí wọ́n ń pè ní sìtéènlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo: 304 kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá mágínẹ́ẹ̀tì mú, 409 ń gbá a mú gan-an. Méjèèjì ni sìtéènlẹ́ẹ̀sì, ẹni tó tà á fún ọ kò purọ́, àmọ́ 409 máa ń yọ ìpẹtà pupa lójú. Mo mú 304. Omi ló fà á. Lítà epo kan tó bá jóná ń di omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, ooru omi yẹn ló ń bá èéfín jáde. Tí ìrìn bá kúrú, tí sàlẹ́ńsà kò gbóná délẹ̀, inú rẹ̀ ni omi yẹn yóò sùn sí. Nítorí náà ni mo tún ṣe ní kí wọ́n lu ihò mìlímítà mẹ́ta síbi tó rẹlẹ̀ jù.

Wẹ́dà kejì tí mo lọ bá jẹ́ bàbá àgbàlagbà. Mo gbé páálí mi fún wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n yí i lọ, yí i bọ̀, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?" Mo ní, "Ìyà ni, Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó tan iná, wọ́n ní kí n tú wáyà bátìrì kúrò. Wọn ò jó o tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kàn jó o pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú mẹ́rin, wọ́n ní kí n wọnú ọkọ̀, kí n ṣáná, kí n mì ín. Wọ́n fi ọwọ́ wọn wọ àárín sàlẹ́ńsà àti fáíbà, ọwọ́ wọn kọjá fàlàlà. Ìgbà náà ni wọ́n tó jó o parí. Ẹsẹ̀ irin méjì ló gbé e, àwọn méjèèjì ló wà lára ẹ́ńjìnnì, kò sí èyí tó kan ṣáàsí.

Mo fi àwọ̀n tó ń mú ẹta iná sí ẹnu rẹ̀, nítorí pápá gbígbẹ wà lójú ọ̀nà tí a ń gbà dé ibi yanrìn. Nínú igbó ìjọba ní Amẹ́ríkà, dandan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Carbon, ìyẹn èédú èéfín, máa ń dí i, kí a ṣáà máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tún ta pàà. Àyà mi já. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo dà á sí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ìfóófòó sì hó níbi gásíkẹ́ẹ̀tì kan. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ló dẹ̀. Mo dì í, mo tún gbogbo rẹ̀ dì lẹ́yìn tó gbóná tó sì tutù tán, kò sì ta mọ́. Mo yọ pílọ́ọ̀gì wò, ẹnu wọn dúdú díẹ̀: epo ti pọ̀ jù fún atẹ́gùn tó ń kọjá báyìí. Mo fi jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, ihò tí epo ń gbà kọjá, tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹnu pílọ́ọ̀gì wá pupa bí àwọ̀ igbá gbígbẹ.

Ní California, ariwo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 96 dBA (décíbẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) tí wọ́n bá ṣe é láti ọdún 1986 síwájú, 101 ni ti àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ínṣì sí ẹnu páìpù ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lójú èéfín gangan. Èmi lo fóònù, tí kò ṣeé gbára lé bí ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n ó tó láti fi àná wé òní. Stinger fún mi ní 106. Èyí fún mi ní 93. Ẹni tí kò mọ décíbẹ́ẹ̀lì lè ní kí ni 13 jẹ́, àmọ́ 10 péré ti tó kí etí gbọ́ ọ bí ẹni pé ariwo ti di ìdajì.

A gbé e lọ sórí yanrìn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi jókòó tì mí, a ń sọ̀rọ̀ láìpariwo, inú mi ń dùn. Bí a ṣe yí gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì kan kọjá ló dákẹ́, ó tẹ́tí. "Bọ̀dá mi, kí ló ń sunkún yẹn?" Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Bíárìn táyà ẹ̀yìn òsì ni. Ẹ bá mi ka iye oṣù tó ti ń sunkún bọ̀ tí stinger kò jẹ́ kí n gbọ́. Bọ́gì náà wà níwájú mi báyìí, mo ń wá bí màá ṣe fa bíárìn náà yọ.