Bí A Ṣe Ń Yan Àkókò Bàálù Tí Yóò Gbé Wa Padà Sílé Lẹ́yìn Ìrìn Àjò Ìgbafẹ́ Lórí Òkun

Ìlà kan wà nínú ìwé ìrìn àjò tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ máa ń fún èrò, tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìlà náà ni èyí tó sọ pé ọkọ̀ yóò padà dé Miami ní aago 7 àárọ̀. Ẹni tó bá kà á yóò ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé bí ọkọ̀ bá dé ní aago 7, òun á ti dé pápákọ̀ òfurufú ní aago 8, òun á sì bá bàálù aago 10 láìlàágùn. Ṣùgbọ́n aago 7 yẹn kì í ṣe ìgbà tí ẹsẹ̀ èrò yóò kan ilẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté ni. Ohun tó wà láàárín okùn yẹn àti ẹnu ọ̀nà bàálù pọ̀, ó sì yẹ kí a ka gbogbo rẹ̀ tán kí a tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.

Florida ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èbúté tí èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti pọ̀ jù lọ lágbàáyé wà, n ó sì mẹ́nu kan Texas nítorí kùrukùru ibẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí gan-an

Orúkọ ìlú tí wọ́n fi ń polówó ìrìn àjò lè jìnnà réré sí èbúté tí ọkọ̀ ń lò. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ń ti Róòmù gbéra, Civitavecchia ló ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Fiumicino sì tó nǹkan bíi kìlómítà 65. Èyí tí wọ́n pè ní ti London lè jẹ́ Southampton, tí ọ̀nà rẹ̀ dé Heathrow lé ní kìlómítà 100. Ti Paris ló burú jù nínú wọn, nítorí Le Havre ni ọkọ̀ máa ń dúró sí, ó sì fi nǹkan bíi kìlómítà 200 jìnnà sí Paris.

Bákan náà ló rí ní Florida. Port Canaveral ni wọ́n máa ń pè ní Orlando, ṣùgbọ́n máìlì 45 ló wà láàárín èbúté náà àti pápákọ̀ òfurufú Orlando. Orí erékùṣù kékeré kan ni PortMiami wà, ibẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Miami sì tó nǹkan bíi máìlì 8. Port Everglades tó wà ní Fort Lauderdale ló rọrùn jù lọ, nítorí pápákọ̀ òfurufú ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan èbúté. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń padà sí Fort Lauderdale, tó wá lọ ra bàálù láti Miami nítorí pé ó fi ogójì dọ́là dínwó, ọlọ́kọ̀ takisí ni yóò gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Texas, Galveston ni èbúté, Houston sì ní pápákọ̀ òfurufú méjì: Hobby wà ní nǹkan bíi máìlì 40, ti George Bush sì wà ní nǹkan bíi 70, ní ìhà kejì ìlú, tó fi jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ la Houston já kí ó tó dé ibẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà

Lẹ́yìn tí wọ́n bá so ọkọ̀, àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ fún un láṣẹ kí èrò kankan tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ gbé ẹrù wọn fúnra wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pè. Àwọn yòókù ti gbé àpótí wọn sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti alẹ́ àná, wọ́n ti so páálí kékeré tó ní àwọ̀ tàbí nọ́ńbà mọ́ ọn, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á sì fi máa pè wọ́n ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí wọ́n lè lọ wá ẹrù wọn nínú gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní èbúté. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá gbẹ̀yìn lè wà nínú ọkọ̀ títí di nǹkan bíi aago mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò mìíràn ti ń bọ̀, ọkọ̀ náà yóò sì tún gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Lẹ́yìn ẹrù ni àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà. Ní ọ̀pọ̀ èbúté Amẹ́ríkà nísinsìnyí, kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wo ojú ènìyàn, kì í sì í pẹ́. Bí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ ti Nàìjíríà, yálà ẹ ní káàdì ìgbéèlú tàbí físà lẹ wà lórí rẹ̀, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún ìṣírò yín, nítorí òṣìṣẹ́ lè fẹ́ yẹ ìwé náà wò dáadáa. Ẹni tó bá wà lórí físà sì gbọ́dọ̀ rántí pé ọkọ̀ tó bá ti kan Bahamas ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, nítorí náà físà tí kò gbà ju ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lọ lè di wàhálà fún un ní èbúté. Ọ̀rọ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ àkókò bàálù lọ, kí a sì yanjú rẹ̀ kí a tó ra ohunkóhun.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀

Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ń padà sí Baltimore láti Miami, wọ́n sì ní àpótí mẹ́rin. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago 7. Wọ́n pe nọ́ńbà wọn ní aago 9. Wọ́n rí ẹrù, wọ́n kọjá níwájú aṣọ́bodè, ó di aago 9:45. Wọ́n tò fún takisí fún ogún ìṣẹ́jú, nítorí gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ láàárọ̀ yẹn ló ń tú èrò sójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú ní nǹkan bíi aago 10:35. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, TSA, dámọ̀ràn wákàtí méjì fún bàálù abẹ́lé. Ó ti di aago 12:35 nìyẹn. Nítorí náà, bàálù aago 1 ọ̀sán ni àkọ́kọ́ tí ìdílé yìí lè rà kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Bí Port Canaveral bá ni, kí wọ́n sún un sí aago 2. Láti Galveston, aago 2 náà ni mo máa mú fún Hobby, aago 3 fún George Bush.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ti bá bàálù aago 10 láti Fort Lauderdale. Lóòótọ́ ni wọ́n bá a, ṣùgbọ́n báàgì kékeré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi rìn, wọn kò mú ọmọ dání, ọkọ̀ kò pẹ́, òjò kò rọ̀. Ẹni tó bá dá rìn, tí kò ní àpótí tí yóò fi sílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù, lè ra aago 11:30 níbẹ̀. N kò ní gba onídìílé nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Àpótí tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ló sábà máa ń ba ìṣírò jẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ní Amẹ́ríkà kì í gba ẹrù mọ́ bí ó bá ti ku nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 kí bàálù abẹ́lé gbéra, tí ó bá sì jẹ́ ti òkè òkun, wákàtí kan ni. Wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn bàálù nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé òun kò ní àpótí láti fi sílẹ̀, kí ó rántí ọtí tó rà ní Nassau ní Bahamas tàbí Cozumel ní Mexico. Ìgò tó bá ju mílílítà 100 lọ kò lè kọjá nínú báàgì ọwọ́ ní ibi àyẹ̀wò, nítorí náà ìgò ọtí kan ṣoṣo lè sọ ẹni tó ń rìn fúyẹ́ di ẹni tó ní ẹrù, kí àkókò tó ti ṣírò sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó lè mú kí ọkọ̀ pẹ́

Kùrukùru ni olórí rẹ̀ ní Galveston. Nígbà òtútù, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti Òkun Mexico máa ń bá omi tútù etíkun pàdé, kùrukùru á sì bò ó débi pé àwọn amọ̀nà èbúté yóò dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ lè dúró sí ìta fún wákàtí bíi mélòó kan, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí tí ó gba ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó bá ń padà sí Galveston ní oṣù Kìíní, tó wá ra bàálù fún ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, tẹ́tẹ́ ló ń ta. Kí ó sùn mọ́jú ní Houston, ní ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bó bá ní. Ní Florida, ìjì líle ni kí ẹ bẹ̀rù, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá tí sáà rẹ̀ ń bẹ lóde. Yàtọ̀ sí ojú ọjọ́, aláìsàn tí wọ́n ní láti gbé wọ ìlú mìíràn lójijì lè mú kí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà.

Aago fúnra rẹ̀ tún lè dani láàmú. Láti ọdún 2015, Cozumel àti Cancún kì í yí aago wọn padà láàárín ọdún, àmọ́ Florida àti Texas ń yí tiwọn. Nígbà ooru ti Amẹ́ríkà, Cozumel fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Florida. Nígbà òtútù, ó fi wákàtí kan ṣáájú Galveston. Bí fóònù yín bá ti mú aago Mexico, tí ẹ sì pa á mọ́ lójú òkun, ó lè jí yín ní àsìkò tí kò yẹ. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ yín bá ń dé ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, ẹ mọ̀ pé Amẹ́ríkà ti sún aago síwájú ní òru yẹn, ẹ ó sì pàdánù wákàtí oorun kan.

Bí ó bá jẹ́ Èkó lẹ ń padà sí

Ẹni tó ń bọ̀ wá sí Èkó láti Florida gbọ́dọ̀ gba ìlú mìíràn kọjá, fún àpẹẹrẹ Atlanta, níbi tí bàálù Delta ti ń lọ sí Èkó tààrà. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí gbogbo ìrìn náà wà. Bí ẹ bá ra Miami sí Atlanta lọ́tọ̀, tí ẹ sì ra Atlanta sí Èkó lọ́tọ̀, ẹ ó lọ gba ẹrù yín ní Atlanta kí ẹ tún fi sílẹ̀, ẹ lè san owó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì, bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, ìyẹn kò kan iléeṣẹ́ kejì. Lójú tèmi, ẹni tó ní ìrìn àjò tó gùn tó báyìí níwájú kò gbọ́dọ̀ gbéra ní ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ sí Èkó tí a fi ìkánjú rà.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ mú bàálù tí òmíràn yóò tún tẹ̀ lé ní ọjọ́ kan náà. Bàálù tó gbẹ̀yìn lálẹ́ dà bíi pé ó fini lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fagi lé e, pápákọ̀ òfurufú ni ẹ ó sùn. Fún tíkẹ́ẹ̀tì tí a bá rà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú ìrìn àjò, òfin Amẹ́ríkà fún oníbàárà ní wákàtí 24 láti fagi lé e, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà, àfi bí iléeṣẹ́ náà bá ti fún un láǹfààní láti di àyè náà mú fún wákàtí 24 láìsanwó. Ẹ fi wákàtí yẹn tún ìṣírò yín ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù pẹ̀lú. Ó lè wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá pẹ́, àwọn ni wọ́n á bá yín wá bàálù mìíràn.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, kí ẹ tó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ẹ yọ ìwé ìrìnnà, oògùn, ṣájà fóònù àti aṣọ tí ẹ ó wọ̀ láàárọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ti aṣọ yẹn, nítorí kò sí ìrìn àjò tí a kì í rí ẹnì kan tó wọ aṣọ ìwọ̀sùn sọ̀ kalẹ̀ láàárín èrò.

Bí ẹ bá ti rí i láti inú ọkọ̀ pé ẹ kò ní bá bàálù yín, ẹ pe iléeṣẹ́ náà kí bàálù tó gbéra, tàbí kí ẹ lo áàpù wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: wọ́n á kà á sí ẹni tí kò yọjú, wọ́n sì lè fagi lé gbogbo ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ohun gbogbo bá sì yá ju bí ẹ ti rò lọ, tí ẹ dé pápákọ̀ òfurufú ní aago 9:30 pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì aago 2 lọ́wọ́, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ wọn kí ẹ tó fi ẹrù sílẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá àyè wà nínú bàálù tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìrìn àjò, nígbà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà mìíràn fún owó díẹ̀.