Bí ẹ ṣe lè fi odindi igbá darí iyàn Greenland

Iyàn Greenland, erékùṣù òkè àríwá tó wà lábẹ́ Denmark tí Amẹ́ríkà ti ní òun fẹ́ rà, kì í pẹ́ di ariwo nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Owódé, máàpù ló sì sábà máa ń dá a sílẹ̀. Máàpù pẹlẹbẹ tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ìwé fi Greenland hàn bí ẹni pé òun àti Áfíríkà jọ tóbi bákan náà. Irọ́ gbáà ni. Greenland bíi mẹ́rìnlá ló máa wọ inú Áfíríkà kan ṣoṣo. Àwọn ìlú tó sì dà bí ẹni pé wọ́n jìnnà síra lórí máàpù yẹn, ẹ̀yìnkùlé ara wọn ni wọ́n wà téèyàn bá gba òkè àríwá. Gílóòbù gidi wọ́n, àmọ́ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń fín igbá la wà. Igbá á ṣe é.

Odindi igbá lẹ fẹ́, èyí tí wọn ò tíì là. Ẹ tètè bá àwọn tó ń fín igbá sọ ọ́, torí wọ́n ti máa ń là á kí wọ́n tó gbé e dé ọjà. Ẹ mú téèpù télọ̀ dání, rúlà ò lè tẹ̀ yí igbá ká. Èyí tí àyíká rẹ̀ bá jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà ló dára jù: àyíká ayé tó 40,000 kìlómítà, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan lára igbá dúró fún 500 kìlómítà, ìṣirò ò sì ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ wọ̀n ọ́n lóròó àti níbùú. Bí ìyàtọ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ẹ mú òmíràn. Ẹ mì í. Bí èso inú rẹ̀ bá ń dún ṣaworo, ó ti gbẹ. Bí kò bá dún, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ayé yín á fi máa rùn.

Ohun tó kù kò pọ̀: sáńpépà, òwú ìránṣọ tó gùn tó mítà kan, pẹ́ńsù méjì, agolo mílíìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òṣùká kan, pẹ̀lú ẹfun, osùn àti èédú.

Ẹ fi sáńpépà ha ara igbá títí tí pẹ́ńsù á fi lè kọ̀wé lára rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lé òṣùká kó má baà yí. Ibi tó ti so mọ́ ìtàkùn ni ṣóńṣó àríwá ayé. Ẹ to agolo léra wọn títí tí pẹ́ńsù tẹ́ ẹ bá gbé sórí rẹ̀ á fi kan ibi tí ikùn igbá ti fẹ̀ jù, kẹ́ ẹ wá rọra yí igbá: ìlà agbedeméjì ayé nìyẹn, 20 sẹ̀ǹtímítà sí ṣóńṣó àríwá. Ẹ di ìdí òwú mú níbi ìtàkùn, kẹ́ ẹ fa òbìrí kékeré kan ní 5.2 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tó wà nínú òbìrí yẹn là ń pè ní Arctic. Òwú gbọ́dọ̀ sùn mọ́ ara igbá o. Bí ẹ bá fà á sókè, òbìrí náà á kéré jù.

Ẹ pín ìlà agbedeméjì sọ́nà 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan 6.7 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ dé ìdí ìtàkùn. Ẹ mú ọ̀kan fún London. Ọ̀yọ́ wà ní ìwọ̀n 1.7 sẹ̀ǹtímítà lókè ìlà agbedeméjì, kò sì pé sẹ̀ǹtímítà kan sí ọ̀tún ìlà London. Ẹ fi àmì sí i kọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ojú ti ń wò.

Ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ ya gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tí ẹ nílò ni kẹ́ ẹ fi èédú ya. Áfíríkà gùn tó 16 sẹ̀ǹtímítà. Greenland bẹ̀rẹ̀ ní 1.4 sẹ̀ǹtímítà sí ṣóńṣó àríwá, ó parí ní 6.7, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà láàárín ìlà kìíní àti ìkejì lápá òsì London. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì péré. Ibi tí àríyànjiyàn àkọ́kọ́ ti máa ń kú nìyẹn. Moscow wà ní 7.6 sí ṣóńṣó, díẹ̀ kọjá ìlà kìíní lápá ọ̀tún. Washington wà ní 11.4, láàárín ìlà kejì àti ìkẹta lápá òsì. Rotterdam wà ní 8.5, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún London gan-an. Yokohama ti Japan wà ní 12.1, láàárín ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún lápá ọ̀tún. Àlàfo omi tó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Alaska kò tó mílímítà méjì, ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù yín dáadáa.

Ó wá ku òwú. Ẹ na án ṣinṣin láti Moscow dé Washington. Kò ní gba àárín gbùngbùn Òkun Atlantic bí máàpù ṣe ń fi hàn. Etí gúúsù Greenland ló máa gbà kọjá, gígùn rẹ̀ kò sì ju bíi 16 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹni tó bá ti rí i kì í tún béèrè ohun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń wá ní Pituffik, ibùdó wọn ní Greenland, níbi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré sí ìdí ìtàkùn. Ẹ tún fi òwú tọ ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi láti Yokohama gba Suez ti Íjíbítì dé Rotterdam: ó máa tó 41. Ẹ wá gbà á lókè, létí Rọ́ṣíà: kò ní pé 30. Ohun tó mú kí yìnyín tó ń yọ́ ní Arctic di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ti fẹ́ ti Suez pa lójú ẹsẹ̀: ọ̀nà òkè yẹn kì í ṣí dáadáa jálẹ̀ ọdún, ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín ló sábà máa ń ṣáájú, àṣẹ Rọ́ṣíà sì lèèyàn á gbà kó tó kọjá.

Lórí ẹni tó ni òkun Arctic, òfin òkun ti 1982 ló wà ńlẹ̀. Ilẹ̀ tó kan omi ní agbára lórí máìlì orí òkun 12, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹja àti epo dé 200. Lára igbá yín, 200 yẹn jẹ́ mílímítà méje. Kọjá ibẹ̀, èèyàn á fi ẹ̀rí hàn pé ìsàlẹ̀ òkun náà so mọ́ ilẹ̀ òun. Nítorí náà, àsíá tí Rọ́ṣíà rì mọ́lẹ̀ ní ṣóńṣó àríwá ní 2007, ní ibi tó jìn ju 4,000 mítà lọ, kò sọ nǹkan kan di tirẹ̀. Pèrègún tí wọ́n fi òru gbìn sáàárín oko kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Denmark àti Kánádà náà ti kó ẹ̀rí tiwọn kalẹ̀, ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gun orí ara wọn. Amẹ́ríkà ò tíì fọwọ́ sí òfin náà rárá, èyí tó yẹ kí ẹ rán ẹni tó bá ń gbèjà wọn létí.

Ẹnì kan á mú Bakassi wá. Ẹ gbà á láyè, àfiwé tó dáa ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dé òpin rẹ̀. Ẹjọ́ wà lórí Bakassi, ilé ẹjọ́ àgbáyé dá a ní 2002, a sì gbé e sílẹ̀ fún Cameroon ní 2008. Ti Greenland náà ti dé ilé ẹjọ́ rí: Norway ló ń jà fún apá ìlà oòrùn rẹ̀, wọ́n sì dá Denmark láre ní 1933. Àdéhùn 1951 sì ti fún Amẹ́ríkà láyè láti ní ibùdó ogun níbẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tó ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé tó tún ní òun fẹ́ ra ilé, kì í ṣe ààbò nìkan ló ń wá. Àwọn ará Greenland, tí wọn ò ju nǹkan bí 57,000 lọ, ni wọ́n máa ń gbàgbé láti bi.

Tí wọ́n bá ní kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun ìpẹ̀tùsááwọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ yí igbá padà sí Áfíríkà, kẹ́ ẹ fi ẹfun tọ́ àmì sí Congo, Liberia àti Mali. Congo ní 1960 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Ti Liberia ní 1990, ECOMOG ni, ti ECOWAS, kì í ṣe ti Àjọ Ìṣọ̀kan. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an. Ní Mali, ìjọba ibẹ̀ ní kí ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan máa lọ ní 2023, wọ́n sì lọ, nítorí irú iṣẹ́ yẹn ò lè dúró láìsí ìfọwọ́sí onílé. Láti rán wọn jáde, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nínú 15 tó wà ní Ìgbìmọ̀ Ààbò gbọ́dọ̀ gbà, kí ìkankan nínú àwọn márùn-ún tó wà títí láé má sì sọ pé òun ò gbà. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà wà nínú márùn-ún náà. Ẹ yí igbá padà sókè: ta ló ni etí omi níbẹ̀?

Osùn ni ti ẹ̀rọ, ìyẹn iyàn lórí ẹni tó borí nínú ìjà Amẹ́ríkà àti Ṣáínà nítorí chip, èérún kékeré tó ń ṣe bí ọpọlọ nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ẹ fi àmì sí Netherlands, níbi tí iléeṣẹ́ ASML ti ń ṣe ẹ̀rọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é láyé, èyí tí wọ́n fi ń tẹ chip tó kéré jù. Ẹ fi sí Taiwan, níbi tí iléeṣẹ́ TSMC ti ń tẹ̀ ẹ́, sí California tí iléeṣẹ́ Nvidia ti ń yàwòrán rẹ̀, àti sí Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ sí dí ọ̀nà gallium àti germanium, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe chip, ní 2023, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà chip mọ́ ọn ní October 2022. Ẹni tó bá ní ẹnì kan ti borí, kó fi ìka sí àmì tí ó rò pé ó ti gbà. Ẹ ní kí wọ́n yọ fóònù jáde, kí wọ́n wo orúkọ chip rẹ̀ lábẹ́ About phone. Tecno àti Infinix, iléeṣẹ́ Ṣáínà ló ni wọ́n, àmọ́ MediaTek ti Taiwan ló máa ń wà nínú púpọ̀ wọn.

Nídìí iyàn, ẹ má ju èèyàn mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá di igbá mú nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibi tó ti máa ń le ni ìgbà tí àgbàlagbà bá ṣì í sọ. Kí ọmọdé má já a nírọ́; kó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìdí òwú yìí mú." Òwú á ṣe ìyókù.

Tí iyàn bá parí, ẹ gbé igbá wọlé. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní oríta. Igbá tó ní ẹfun, osùn àti èédú lára, ta lẹ fẹ́ sọ fún pé Greenland ni?